Pupa Wo?

Kí n tó mọ orúkọ ọ̀pọ̀ èèyàn ní Òkòkòmáikò, aṣọ wọn ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Alágbàfọ̀ ni màámi. Mo mọ sójà tí kì í lè jẹun kó má ta epo sí àyà, mo mọ akọ̀wé tí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ máa ń dọ̀tí ju ti bíríkìlà lọ, mo sì mọ ìyàwó ọ̀gá kan tó máa ń fi etí ìró nu ojú, torí tìróò rẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀. Màámi kò gbà kí á fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní iṣẹ́ wa ni kí á fọ aṣọ, kì í ṣe kí á máa kà á bí ìwé. Ìró ọwọ́ rẹ̀ nínú omi ọṣẹ ló ń jí wa láràárọ̀. Lẹ́yìn náà la ó gbọ́ Ìyá Onílé, arúgbó ọmọ Àwórì tó ni ilé tí a ń gbé, níbi tó ti ń fi ọ̀bẹ la koríko tó fi ń hun ẹní, tí yóò máa dá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èèyàn mẹ́ta ló jókòó tì í. Bí oòrùn bá wá yọ, kátápílà á bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù lójú ọ̀nà ńlá tí wọ́n ń là lọ sí Bàdágírì, a ò sì ní gbọ́ ohùn ara wa dáadáa mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, owó epo ti wọ ìlú. Káfíńtà ni bàámi, ilé tuntun sì ń hù níbi gbogbo láti Ìbà títí dé Ọ̀jọ́, gbogbo wọn ló ń fẹ́ òrùlé, nítorí náà bàámi kì í sinmi. Àwa tí à ń fi àkàrà mu ògì tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí búrẹ́dì àti sadíìnì jẹ láàárọ̀ Sátidé. Èmi àti àbúrò mi Tóyìn máa ń jà sí òróró tó bá ṣẹ́kù nínú agolo. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo lágbára, ṣùgbọ́n Tóyìn mọ bí wọ́n ṣe ń wo bàámi lójú, òun ni òróró náà ń bọ́ sí lọ́wọ́ nígbà gbogbo. Bó bá lá a tán, á fọ agolo náà, á fi ṣe ohun ìṣeré. Ó fi ń bu omi, ó fi ń bu iyẹ̀pẹ̀, ó fi ń se ọbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè jẹ. Inú mi kì í dùn sí i nígbà náà. Mo rò pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ, bóyá òótọ́ sì ni.

Àwọn tó ń la ọ̀nà ti gbẹ́ ilẹ̀ nítòsí wa láti fi kún ojú títì. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ tán, wọ́n lọ, kòtò náà kù síbẹ̀, òjò kún un. Ó fẹ̀ ju pápá ìṣeré ilé-ìwé wa lọ, omi rẹ̀ sì nípọn, ó rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan tí kànga gbẹ, màámi fi omi rẹ̀ fọ sùtánà àwọn ará ìjọ wa. Ìjọ aláṣọ funfun là ń lọ. Gbogbo sùtánà náà jáde ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú, màámi sì ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti sọ ọ́ di òfin fún wa. "Ẹ má débi kòtò yẹn o. Omi rẹ̀ ń ba aṣọ jẹ́. Ó ń sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú." Kò sọ fún wa pé omi náà ń pa èèyàn. Aṣọ ló wà lọ́kàn rẹ̀, àwa náà sì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba ní kí gbogbo ọmọ máa lọ sí ilé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ tàbí kì í ṣe ọ̀fẹ́, ọmọ gbọ́dọ̀ na ọwọ́ ọ̀tún kọjá orí kó fi kan etí òsì kí wọ́n tó gbà á. Ọwọ́ Tóyìn kúrú. Lọ́dún tó ṣáájú, ìka rẹ̀ dúró sí òkè etí, tíṣà sì ní kó lọ dàgbà wá. Ó sunkún débi tí ibà fi mú un. Láti ìgbà náà ni kò ti jẹ́ kí ọwọ́ yẹn sinmi mọ́. Bí a bá ń jẹ ẹ̀bà, á fi ọwọ́ òsì jẹ, ọwọ́ ọ̀tún á wà lórí. Bàámi á ní, "Tóyìn, ṣé orí ń fọ́ ọ ni?" Á ní rárá, òun ń dàgbà ni. Ìyá Onílé rẹ́rìn-ín títí tí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọmọ yìí máa ṣe tíṣà. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó tẹ orí díẹ̀, ó fi ìka kan etí náà, tíṣà rí i pé ó tẹ orí, ó sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mo wà níbẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà títí di òní.

Àwọn ọmọ tuntun pọ̀ ju kíláàsì tó wà nílẹ̀ lọ, nítorí náà wọ́n fi páànù kọ́ búkà gígùn kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé wa, wọ́n sì ní aṣọ tiwọn máa yàtọ̀ sí tiwa. Àwa àtijọ́ ń wọ àwọ̀ aró. Ọ̀gá àgbà to gbogbo àwa tí a ní àbúrò tó ń bọ̀ sí ìlà, ó ní kí á gbé iṣẹ́ délé. Ọkùnrin gíga ni, ṣòkòtò rẹ̀ kì í ní ju ojú áyọ́ọ̀nù kan lọ. Ó ní, "Yẹ́lò ni aṣọ wọn. Ẹ sọ fún wọn nílé pé pupa rúsúrúsú. Ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́ kò ní wọlé." Mo gbọ́ ọ. Mi ò ní sọ pé mi ò gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mi ń dúró dè mí láti ṣe tẹ́ńtẹ́ń, a sì ṣe é láti ẹnu géètì títí dé ọ̀nà ilé wa, à ń pàtẹ́wọ́, à ń fò. Nígbà tí mo dé iwájú màámi, gbólóhùn náà ti dín kù lẹ́nu mi.

"Màámi, wọ́n ní aṣọ pupa ni kí ẹ rà fún Tóyìn."

Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọpọ́n, ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó gbé ojú sókè.

"Pupa wo?"

"Pupa ni, mà. Pupa ni wọ́n ní."

Ó wò mí díẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè mí lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ìjọba yìí náà," ó sì tún ki ọwọ́ bọ omi.

Ẹni tí kò bá mọ ìjọ wa kò lè mọ ohun tí mo gbé ka màámi láyà. A kì í wọ pupa. A kì í wọ dúdú náà, ṣùgbọ́n pupa ni wọ́n máa ń fi dẹ́rù bà wá jù, àwọ̀ ẹ̀jẹ̀, àwọ̀ ewu. Pupa rúsúrúsú kò lẹ́ṣẹ̀ ní tirẹ̀, èèyàn lè wọ̀ ọ́ lọ sí ọjà, kò sẹ́ni tó máa bi í. Màámi lọ bá Bàbá Alàgbà, àgbà ìjọ tí a máa ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Bàbá ronú, ó ní aṣọ ìjọba ni, kì í ṣe ti ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wọ inú ilé. Kí ó máa wọ̀ ọ́ níta, kí ó máa bọ́ ọ níta. Bàámi ní tirẹ̀ kàn rẹ́rìn-ín. Ó ní tí ìjọba bá ní kí àwọn ọmọ wọ ewé kókò, òun á já a wá. Màámi lọ sí ọjà ní Ọ̀jọ́. Ọlọ́jà aṣọ kò bi í léèrè nǹkan kan, torí ilé-ìwé kan wà lápá Ọ̀tọ̀-Àwórì tó ń wọ pupa lóòótọ́. Télọ̀ rán an, ó ṣẹ́ etí rẹ̀ dáadáa, màámi sì lọ̀ ọ́ lórí tábìlì ìta, ó kọ́ ọ sí okùn lẹ́yìn ilé ìdáná. Tóyìn ń jáde lọ wò ó. Mo kà á, ìgbà mẹ́jọ ló jáde kí oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ tó délẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Ó kàn ń wò ó.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó wọ aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, ó gbé àpò tí màámi fi àjákù káńfáàsì sójà rán fún un, ó fi agolo sadíìnì rẹ̀ sínú rẹ̀, a sì jọ lọ. Ojú ọ̀nà la ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí wọn. Ọmọ kan jáde láti ilé kan, yẹ́lò. Méjì jáde lápá kejì, yẹ́lò. Tóyìn dì mí lọ́wọ́ mú. Ibẹ̀ ni mo ti rántí rúsúrúsú. Nígbà tí a dé pápá, gbogbo búkà náà ti tò, gbogbo wọn pọ́n bí ìyeyè, àbúrò mi sì wà láàárín wọn nínú pupa. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ata rodo. Tíṣà wọn tọ́ka sí i pẹ̀lú pàṣán, ó ní, "Ìwọ, jáde síbí. Ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí?" Tóyìn wo apá ọ̀dọ̀ wa, níbi tí àwa aláwọ̀ aró tò sí. Ó ń wá mi. Mo tẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọmọ tó ga jù mí lọ. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, mo lè wá àwáwí sí i, torí ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mi ò rí àwáwí sí títẹ̀ tí mo tẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọmọ yẹn.

Màámi kò nà mí. Ó bi mí ohun tí ọ̀gá sọ gan-an, mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un pẹ̀lú rúsúrúsú, ó jókòó sórí àpótí. Lọ́jọ́ kejì, ó wé gèlè, ó di Tóyìn lọ́wọ́ mú lọ bá ọ̀gá àgbà. Wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí náà mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

"Ẹ má bínú, sà," màámi ní. "Ọmọ ló gbé iṣẹ́ náà bó ṣe gbé e. Ẹ jẹ́ kó máa wọlé, a ó máa wá òmíràn."

Ọ̀gá kò pariwo. "Ìyá, ẹ jókòó. Ẹ wò ó, mo ní ọmọ kọngílá nínú búkà yẹn, mo ní ọmọ lébìrà. Tí wọ́n bá wọ aṣọ kan náà, mi ò mọ̀ wọ́n yàtọ̀, àwọn náà ò mọ ara wọn yàtọ̀. Tí mo bá gba pupa lónìí, lọ́la wọ́n á wọ léèsì wá bá mi."

"Ó yé mi, sà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo wọn rí bákan náà, àfi kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó wọlé."

Ó ní kí màámi lọ wá yẹ́lò. Mo ti ronú sí èsì rẹ̀ yẹn fún ọdún púpọ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tó sọ nípa ọmọ kọngílá àti ọmọ lébìrà, òótọ́ ni, èmi náà ti sọ ọ́ fún òbí lẹ́nu iṣẹ́ mi, pẹ̀lú ohùn bíi tirẹ̀.

Yẹ́lò ti tán. Gbogbo ìyá ọmọ láti Ìbà dé Ọ̀jọ́ ti rà á, èyí tó kù nínú ọjà kò ju èyí tí wọ́n lè fi rán fìlà lọ. Bàámi, tí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ lọ́dún yẹn, dúró láàárín àgbàlá, ó ní nǹkan yìí ò yé òun, pé owó wà, aṣọ ni kò sí. Wọ́n ní kí á mú sùúrù, ó ń bọ̀ láti Èkó. Màámi mú oògùn tó fi ń bó àbàwọ́n, ó dán an wò ní etí aṣọ pupa náà. Tóyìn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ibi tí oògùn kàn ṣá bí ohun tó jóná, ó funfun lápá kan, ó pọ́n lápá kejì. Màámi ní àwọ̀ náà ti wọ inú òwú, pé tí òun bá rẹ gbogbo rẹ̀, aṣọ á ya. Tóyìn ní, "Kò sí omi tó lè ṣe é, mà?" Màámi ní kò sí.

Kò gbà láti dúró sílé. Láràárọ̀ ló ń wọ pupa rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, á tẹ̀ lé mi, á lọ dúró sí ẹ̀yìn búkà, níbi tí páànù ti ya, á máa dá wọn lóhùn láti ìta. Tíṣà wọn mọ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Ó tilẹ̀ ti mọ A dé G ṣáájú àwọn kan tó wà nínú búkà, ó ń kà á fún Ìyá Onílé, ìyẹn náà ń kà á tẹ̀ lé e, láìmọ ohun tó ń kà. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá àgbà bá a níbẹ̀, ó ní kó máa lọ sílé, pé òun ò fẹ́ rí i mọ́ àfi nínú yẹ́lò.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, òjò ti dá, ilẹ̀ ṣì ń yọ̀. Tóyìn tún tẹ̀ lé mi, a sì ń sáré, torí aago ti lù. Nígbà tí a kọjá lẹ́bàá kòtò, ó fa aṣọ mi.

"Àǹtí, ṣé omi yẹn ò lè sọ ọ́ di pupa tiwọn?"

Mo wo iwájú. Mo rí i pé wọ́n ti ń ti géètì.

"Bóyá," ni mo wí, mo já ọwọ́ mi gbà, mo sì sá lọ.

Dírẹ́bà tíípà kan ló rí aṣọ náà lọ́sàn-án. Ó ní ohun pupa tó tẹ́ sórí koríko ló jẹ́ kí òun dúró. Tóyìn ti bọ́ ọ, bí a ṣe kọ́ ọ pé kó máa bọ́ ọ níta. Ó ti rẹ ẹ́ sínú omi náà, ó ti tẹ́ ẹ sí oòrùn, ó fi òkúta sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e, bí ọmọ alágbàfọ̀ ṣe ń ṣe é. Ó jọ pé ó wò ó pé kò tíì yí padà, ó sì padà lọ bu omi sí i. Agolo sadíìnì rẹ̀ ń léfòó. Àwọn ọkùnrin tó mọ omi wọ inú kòtò, wọ́n gbé e jáde, bàámi sì gbé e wálé láti ibẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé láti ilé-ìwé ni. Màámi rí mi, ó rí bàámi lẹ́yìn mi, ó jókòó sílẹ̀ nínú omi ọṣẹ tó dà nù.

Àwọn ará ìjọ ní pupa ló fà á. Bàbá Alàgbà kò sọ bẹ́ẹ̀, ó kàn ń sọkún, ó ní òun ni òun fọwọ́ sí i. Wọ́n fi sùtánà funfun sin ín. Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá àgbà dúró lórí pápá, ó ní kí gbogbo ọmọ tí kò bá ní yẹ́lò máa wọlé pẹ̀lú aṣọ tó bá ní, títí tí aṣọ yóò fi dé. Ọmọ mẹ́rin jáde láti ẹ̀yìn igi, wọ́n wọlé. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo kórìíra wọn tọkàntọkàn, àwọn ọmọ tí kò ṣẹ̀ mí. Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, ọ̀gá wá sílé wa, ó fi ìwé ìròyìn di ọ̀pá aṣọ yẹ́lò kan, ó gbé e sórí tábìlì áyọ́ọ̀nù, ó sì dúró tì í. Bàámi wọ inú ilé lọ. Màámi ló dá a lóhùn, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó sì gbé omi fún un mu.

Kò sẹ́ni tó bi mí nípa "Bóyá" tí mo sọ fún Tóyìn. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo di tíṣà, iṣẹ́ tí Ìyá Onílé ní Tóyìn máa ṣe, mo sì di ọ̀gá àgbà nílé-ìwé kan lápá Ìbà. Ọdọọdún ni àwọn òbí máa ń jiyàn níbi ìpàdé, bóyá kí ọmọ máa wọ yunifọ́ọ̀mù tàbí kí á fi í sílẹ̀. Àwọn kan ní ó ń jẹ́ kí ọmọ wà létòlétò, àwọn kan ní ìyà lásán ni. Wọ́n á wá ní kí ọ̀gá sọ tirẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wọ̀ ọ́, torí mo ti rí ohun tí léèsì lè ṣe sí ọmọ tí kò ní. Ṣùgbọ́n mo ní kọ́bọ́ọ̀dù kan lọ́fíìsì mi, aṣọ ilé-ìwé oríṣiríṣi ìwọ̀n wà nínú rẹ̀. Mi ò dá ọmọ kankan padà sílé rí. Àwọn tíṣà mi ní mo gọ̀, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.

Màámi lo ọdún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀ lọ́dọ̀ mi ní Ẹ́sítéètì Ìbà. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń wá aṣọ, ó máa ń ká gbogbo aṣọ ilé, á tú wọn, á tún wọn ká. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òtútù mú un, ó ní kí n bá òun mú ìborùn òun wá, èyí tó pupa. Méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan pupa, ọ̀kan pupa rúsúrúsú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, láìronú rárá, "Pupa wo, mà?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí aṣọ tó ń ká. 

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo bi ọ́ lọ́jọ́ yẹn, Bọ́lá," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀kan péré."